Ẹ Má Fi Mẹ́mórì Wa Dán Ojú-Ìwé Ńlá Wò

Ọ̀rọ̀ tí a gbé wá lónìí kì í ṣe ti àròfọ̀, kì í sì í ṣe ti gírámà. Ọ̀rọ̀ kernel ni, ìyẹn ọ̀gá inú kọ̀ǹpútà tó ń pín nǹkan fún gbogbo ètò tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. A mọ̀ pé àwọn kan á ti máa bi ara wọn pé kí ló kan akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá nínú kernel. Ohun tó kàn wá ni pé orí kọ̀ǹpútà la ti ń kàwé, orí rẹ̀ la ti ń kọ iṣẹ́ àṣekágbá. Bí ẹni tó ń pín mẹ́mórì bá ṣì í pín, àwa ni iṣẹ́ ń ṣòfò mọ́ lọ́wọ́.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ní sáà tó kọjá, ọ̀kan nínú wa ra kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ tí RAM rẹ̀ jẹ́ 4 GB. Windows wúwo jù fún un, ló bá gbé Linux sí i. Ọ̀rọ̀ àyálò nínú ìròyìn Yorùbá ni iṣẹ́ àṣekágbá rẹ̀ dá lé, nítorí náà a jọ kọ ètò kékeré kan tí yóò máa ka iye ìgbà tí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan fara hàn nínú àwọn ìròyìn tó kó jọ. Ọ̀rẹ́ wa kan tó gbọ́ kọ̀ǹpútà dáadáa ní ká ṣí ojú-ìwé ńlá sílẹ̀ fún gbogbo ètò, pé ara kọ̀ǹpútà á yá sí i. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo la kọ sínú fáìlì: always. Lóòótọ́, ara rẹ̀ kọ́kọ́ yá. Nígbà tó di ọ̀sán, bíráúsà wà ní ṣíṣí, iṣẹ́ tí ó ń tẹ̀ wà ní ṣíṣí, ètò tó ń ka ọ̀rọ̀ náà ń ṣiṣẹ́ lọ, ni mẹ́mórì bá kún dẹ́nu. Kọ̀ǹpútà dúró gbagidi. A tẹ̀ ẹ́ títí, kò dáhùn. Ìgbà tó sú wa, a pa á tipátipá. Gbogbo ohun tí ó ti tẹ̀ sí orí kẹta láti àárọ̀, tí kò tíì fi pamọ́, bá a lọ.

Lọ́jọ́ kejì a yí always padà sí madvise. A tún iṣẹ́ kan náà ṣe lórí kọ̀ǹpútà kan náà, ó sì parí wọ́ọ́rọ́wọ́. A ò sọ pé ojú-ìwé ńlá nìkan ló jẹ̀bi. 4 GB kò pọ̀ tẹ́lẹ̀, ẹni tí kò sì fi iṣẹ́ rẹ̀ pamọ́ ní ẹ̀bi tirẹ̀. Àmọ́ ọjọ́ yẹn ló mú wa wádìí ọ̀rọ̀ náà, ohun tí a sì rí ló mú wa kọ èyí. Ohun tí a fẹ́ sọ kò gùn: ẹni tó bá fẹ́ fi ojú-ìwé ńlá kún kernel, kó fi kún un. Ṣùgbọ́n níwọ̀n ìgbà tó bá ṣì wà lábẹ́ ìdánwò, pípa ni kó wà, kó jẹ́ pé ẹni tó ni mẹ́mórì ni yóò fọwọ́ ara rẹ̀ ṣí i.

Kí ni ojú-ìwé ńlá gan-an? Ẹ fojú inú wo họ́sítẹ̀lì. RAM ni ilé, kernel ni pọ́tà, àwọn ètò tó ń ṣiṣẹ́ sì ni akẹ́kọ̀ọ́ tó ń wá bẹ́ẹ̀dì. Ìwọ̀n kan wà tí pọ́tà fi ń pín ilé. Òun ni wọ́n ń pè ní ojú-ìwé. Láti ìgbà tí Intel ti gbé 80386 jáde ní 1985, 4 KB ni ojú-ìwé kan lórí irú kọ̀ǹpútà tí ọ̀pọ̀ wa ń lò. Bẹ́ẹ̀ ni RAM 4 GB ṣe di ojú-ìwé 1,048,576. Pọ́tà gbọ́dọ̀ mọ ẹni tó wà níbi kọ̀ọ̀kan, torí náà ó ní ìwé gbàǹgbà kan ní ọ́fíìsì tí gbogbo rẹ̀ wà nínú rẹ̀. CPU, tó dà bí ẹni tó ń jíṣẹ́ láti yàrá dé yàrá, ní ìwé pélébé tirẹ̀ lápò, tí wọ́n ń pè ní TLB. Bí ẹni tó ń wá bá wà nínú ìwé àpò, wéré ló máa débẹ̀. Bí kò bá sí níbẹ̀, àfi kó padà sí ọ́fíìsì, kó sì ṣí ìwé gbàǹgbà náà ní ìpele mẹ́rin kó tó rí i.

Ìwé àpò yìí kéré. Nínú CPU Skylake tí Intel gbé jáde ní 2015, àyè 1,536 ló wà ní ìpele kejì rẹ̀. Bí ojú-ìwé kọ̀ọ̀kan bá jẹ́ 4 KB, 6 MB péré ni gbogbo rẹ̀ lè rántí. Bíráúsà nìkan ju bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì. Ṣùgbọ́n CPU yìí kan náà mọ ojú-ìwé tó jẹ́ 2 MB, èyí tó dọ́gba pẹ̀lú 512 nínú àwọn kékeré. Bí ó bá jẹ́ irú èyí ló kún inú ìwé àpò, àyè 1,536 náà á gba 3 GB. Ìrìn àjò sí ọ́fíìsì á dín kù, ìpele tí wọ́n ń ṣí níbẹ̀ á sì di mẹ́ta dípò mẹ́rin.

Àǹfààní gidi nìyẹn, a ò ní í bò ó mọ́lẹ̀. Ẹni tó ń fi kọ̀ǹpútà ńlá ṣírò ojú ọjọ́, ẹni tó ń tọ́jú dátà ilé ìfowópamọ́, ẹni tó ń gbé kọ̀ǹpútà mẹ́wàá sínú ẹyọ kan, gbogbo wọn ló ń jèrè rẹ̀. A kì í ṣe ọ̀tá ojú-ìwé ńlá. Ọ̀nà tí wọ́n gbà ń gbé e wọ ilé onílé la ń bá jà.

Ẹ padà sí họ́sítẹ̀lì. Ojú-ìwé ńlá dà bíi kí pọ́tà gbé odidi blọ́ọ̀kù tó ní bẹ́ẹ̀dì 512 fún ẹnì kan. Bó bá jẹ́ ẹni tó ní ará ilé tó pọ̀ ni, ó dáa. Bó bá jẹ́ ẹni tó fẹ́ sun orí bẹ́ẹ̀dì kan ńkọ́? Bẹ́ẹ̀dì 511 á ṣófo, kò sì sí ẹlòmíì tó lè sùn níbẹ̀. Ẹ má rò pé àsọdùn ni. Iṣẹ́ kan wà nínú Linux tó ń rìn kiri lábẹ́lẹ̀, khugepaged lorúkọ rẹ̀. Òun ló ń kó ojú-ìwé kékeré jọ di ńlá. Nínú ìlànà rẹ̀, ohun kan wà tó ń jẹ́ max_ptes_none, tó ń sọ iye tó lè ṣófo kó tó kó wọn jọ. Iye tí wọ́n fi sí i ni 511. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé bí ẹyọ kan ṣoṣo nínú 512 bá ní ẹni tó ń lò ó, khugepaged lè sọ gbogbo 512 di tirẹ̀. Kọ̀ǹpútà tó ní 256 GB lè má mọ̀ ọ́n lára. Kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ tó ní 4 GB á mọ̀ ọ́n.

Ìnira kejì ni pé àwọn bẹ́ẹ̀dì 512 náà gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé ara wọn láìsí àlàfo. Nígbà tí sáà bá ti wọra, tí àwọn kan ti wọlé, tí àwọn kan ti jáde, àyè tó ṣófo á ti fọ́n káàkiri. Kí pọ́tà tó lè rí blọ́ọ̀kù kan tó ṣófo pátá, á di pé kó máa jí àwọn èèyàn lóru, kó máa kó wọn láti yàrá kan sí òmíràn. Ẹni tó bá sì wá béèrè àyè lásìkò náà á dúró síta títí wọn yóò fi kó tán. Ohun tó ń mú kí kọ̀ǹpútà dédé dá dúró fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ nìyẹn, tí ẹ ó máa rò pé èkúté ọwọ́ yín ló bà jẹ́.

Ìkẹta ni pé gbogbo blọ́ọ̀kù ni pọ́tà gbọ́dọ̀ gbá kó tó fi kọ́kọ́rọ́ léni lọ́wọ́. Kernel kì í fún ètò kan ní àyè tí ohun tí ẹlòmíì kọ ṣì wà níbẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ nù ún mọ́. Kò sì sí bí gbígbá yàrá kan yóò ṣe dọ́gba pẹ̀lú gbígbá 512.

Ẹ jẹ́ ká wá wo ìtàn, nítorí ibẹ̀ ni ẹjọ́ wa ti fẹsẹ̀ múlẹ̀. Ọ̀nà méjì ni wọ́n gbà gbé nǹkan yìí wá, ẹ̀yin náà ẹ ó sì rí ìyàtọ̀ wọn.

Ní 2002, Juan Navarro, Sitaram Iyer, Peter Druschel àti Alan Cox ti Rice University ní Amẹ́ríkà gbé ìwádìí kan jáde lórí ojú-ìwé ńlá. Orí FreeBSD ni wọ́n ti dán an wò. Ìlànà wọn dùn mọ́ wa: kernel á fi àyè pamọ́ fún ètò kan, àmọ́ kò ní í sọ ọ́ di ojú-ìwé ńlá àfi tí ètò náà bá ti lo gbogbo àyè kékeré inú rẹ̀ tán. Bí àyè bá sì wọ́n, wọ́n lè gba èyí tí kò tíì lò fún ẹlòmíì. Pọ́tà tó gbọ́n nìyẹn. Nígbà tí iṣẹ́ náà wọ FreeBSD 7.2 ní 2009, pípa ni wọ́n gbé e wá. Ẹni tó bá fẹ́ ẹ ni yóò kọ ìlà kan sínú fáìlì kí kọ̀ǹpútà tó tan. Nígbà tó yá ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí i sílẹ̀.

Ọ̀nà kejì ni ti Linux. Andrea Arcangeli, tó ń ṣiṣẹ́ ní Red Hat nígbà náà, ló kọ èyí tí wọ́n ń pè ní transparent huge pages. Ó wọ kernel Linux 2.6.38 ní oṣù Kẹta 2011. Ṣùgbọ́n Red Hat kò dúró dìgbà náà. Red Hat Enterprise Linux 6, tó jáde ní oṣù Kọkànlá 2010, ti ní in nínú, ní ṣíṣí, fún gbogbo ètò. Kí ọjà tó dé ọ̀dọ̀ gbogbo olùgbọ́, wọ́n ti ń tà á fún oníbàárà.

Kí ló tẹ̀yìn rẹ̀ yọ? Oracle, MongoDB àti Redis, tí iṣẹ́ wọn jẹ́ títọ́jú dátà, kọ ọ́ sínú ìwé ìlànà wọn pé kí àwọn oníbàárà wọn lọ pa á. Redis ṣàlàyé ìdí rẹ̀ yékéyéké. Ó máa ń bí ọmọ kan tí yóò kọ dátà sórí dísìkì. Bàbá àti ọmọ jọ ń lo ojú-ìwé kan náà ni, àfi tí bàbá bá fẹ́ yí nǹkan padà níbẹ̀, ìgbà yẹn ni kernel á ṣẹ̀ṣẹ̀ da ojú-ìwé náà kọ. Nígbà tó jẹ́ ojú-ìwé ńlá, ìyípadà bíńtín á mú kí wọ́n da odidi 2 MB kọ dípò 4 KB. Ẹ rò ó wò: àwọn tí wọ́n ní kọ̀ǹpútà ńlá, tí wọ́n ní òṣìṣẹ́ tó gbọ́ iṣẹ́, tí a sọ pé àwọn ni nǹkan yìí wà fún, ni wọ́n ń pariwo pé kí wọ́n pa á. Ta ni yóò wá bá akẹ́kọ̀ọ́ tí kò mọ̀ pé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ wà pariwo?

Ọdún 2016, nínú Linux 4.6, ni Mel Gorman tó yí ìlànà padà, kí ètò tí kò béèrè ojú-ìwé ńlá má bàa máa dúró nítorí pé kernel ń kó èèyàn kiri. Láti 2011 sí 2016, ọdún márùn-ún. Ọdún 2024, nínú Linux 6.12, ni wọ́n fi ohun kan kún un tó ń tú ojú-ìwé ńlá tí ọ̀pọ̀ inú rẹ̀ kò wúlò, kí àyè tó ṣófo lè padà sọ́wọ́ ẹlòmíì. Ọdún mẹ́tàlá. A ò fi ìwọ̀nyí bú ẹnikẹ́ni. Iṣẹ́ tó le ni, wọ́n sì ń tún un ṣe. Ohun tí à ń sọ ni pé ìdánwò tó gba ọdún mẹ́tàlá, a kò gbọ́dọ̀ pè é ní iṣẹ́ tó ti parí lọ́jọ́ àkọ́kọ́.

Àwọn tó ń bá wa jiyàn ní ọ̀rọ̀ kan tó lágbára, ó sì yẹ ká dá wọn lóhùn. Wọ́n ní: bí ẹ bá pa á, kò sẹ́ni tó máa ṣí i, bí kò bá sì sẹ́ni tó ṣí i, àléébù rẹ̀ ò ní í hàn, kò sì ní í dára láéláé. Wọ́n tún ní kí a rántí hugetlbfs, ojú-ìwé ńlá àkọ́kọ́ ti Linux, tó jẹ́ pé alábòójútó ní láti ya mẹ́mórì sọ́tọ̀ fún un, tí ètò náà sì ní láti mọ̀ pé ó wà. Nítorí wàhálà yẹn, àwọn díẹ̀ ló lò ó.

Ìdáhùn wa rèé. Ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ onígbàjámọ̀ gbọ́dọ̀ rí orí tí yóò fá, a gbà. Àmọ́ ó yẹ kó tọrọ orí náà. Kò gbọ́dọ̀ dúró sẹ́nu ọ̀nà kó máa fá orí ẹni tó ń kọjá lọ. Títọrọ kò sì pa iṣẹ́ náà lára. Ní oṣù Kẹta 2024, Linux 6.8 gba irú ojú-ìwé tuntun kan tí Ryan Roberts ti Arm kọ, tó wà láàárín 4 KB àti 2 MB, bíi 16 KB àti 64 KB. Ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan ní ibi tí wọ́n ti ń ṣí i tàbí pa á, gbogbo àwọn ìwọ̀n tuntun náà ló sì wà ní pípa nígbà tí wọ́n gbé e wá. Ṣé iṣẹ́ náà kú? Kò kú. Àwọn tó nílò rẹ̀ ṣí i, wọ́n dán an wò, wọ́n ń tún un ṣe títí di òní.

Ẹ wo fóònù ọwọ́ yín náà. Kernel Linux ló wà nísàlẹ̀ Android. Nígbà tí Google fẹ́ kúrò ní 4 KB sí 16 KB nínú Android 15, ní 2024, ìlànà fún àwọn tó ń kọ áàpù ni wọ́n kọ́kọ́ fi ṣe, kí ẹni tó bá fẹ́ dán an wò fọwọ́ ara rẹ̀ yàn án. Wọ́n sọ èrè rẹ̀: nígbà tí mẹ́mórì bá há, áàpù ń yára ṣí ní ìpíndọ́gba ìdá 3.16 nínú ọgọ́rùn-ún. Wọ́n sì sọ iye tó ń náni: fóònù tó ń lo 16 KB á jẹ mẹ́mórì díẹ̀ sí i. Wọ́n dá ọjọ́ fún àwọn tó ń kọ áàpù, 1 oṣù Kọkànlá 2025, pé áàpù tuntun tàbí àtúnṣe tó bá wà fún Android 15 sókè gbọ́dọ̀ lè ṣiṣẹ́ lórí 16 KB kó tó wọ Google Play. Ẹ lè ní ẹ̀sùn mìíràn sí Google, àwa náà ní. Ṣùgbọ́n lórí èyí, wọ́n sọ èrè, wọ́n sọ gbèsè, wọ́n fún èèyàn lákòókò.

MongoDB tó ní kí gbogbo ayé pa ojú-ìwé ńlá, nígbà tó di MongoDB 8.0 ní 2024, ó ní kí wọ́n ṣí i. Àwọn kan ń fi èyí yọ̀ pé àwọn ló jàre. Kàkà bẹ́ẹ̀, ẹlẹ́rìí tiwa ni. Ìdí tó fi yí ohùn padà ni pé ó ti tún ọ̀nà tó fi ń tọrọ mẹ́mórì ṣe, kó lè bá ojú-ìwé ńlá mu. Ẹni tó mọ bí ará ilé òun ṣe pọ̀ tó ló tọrọ blọ́ọ̀kù. Ohun tí à ń wí náà nìyẹn.

Nítorí náà, ohun mẹ́ta la ń béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni tó bá ń fi irú nǹkan báyìí kún kernel, yálà Linux ni tàbí òmíràn. Àkọ́kọ́, kó wà ní pípa, kí ètò tó bá fẹ́ ẹ béèrè fún un, bíi ti madvise. Ìkejì, bí ẹ bá ń gbé èsì ìdánwò jáde, ẹ má kàn sọ bó ṣe yára tó lórí kọ̀ǹpútà olówó ńlá. Ẹ sọ mẹ́mórì tó ṣòfò pẹ̀lú, kí ẹ sì dán an wò lórí èyí tó ní 2 GB àti 4 GB, nítorí irú wọn ló pọ̀ lọ́wọ́ àwa. Ìkẹta, ẹ kọ bí a ṣe ń pa á sí ibi tí ojú á tètè rí i, ní ọ̀rọ̀ tí ẹni tí kì í ṣe onímọ̀ kọ̀ǹpútà lè lóye.

Ẹ̀yin tí ẹ ń lo Linux nínú wa, ẹ má dúró de ẹnikẹ́ni. Ẹ ṣí fáìlì /sys/kernel/mm/transparent_hugepage/enabled lónìí. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta lẹ máa bá níbẹ̀: always, madvise, never. Èyí tó wà nínú àmì akámọ́ ni kọ̀ǹpútà yín ń lò. Bí RAM yín bá kéré tí ẹ sì bá always níbẹ̀, ẹ yí i sí madvise, kí ẹ wo ìyàtọ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan. Bí ẹ kò bá rí ìyàtọ̀, ẹ dá a padà, tiyín ni.

Àwọn àgbà ní ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ojú-ìwé ńlá ní iṣẹ́ tirẹ̀, kékeré ní tirẹ̀. Ẹ má fi ọwọ́ àgbàlagbà fọ́ kèrègbè wa. Orí kẹta tó lọ ti lọ. Ọ̀rẹ́ wa ti tún un kọ. Àmọ́ ẹni tí yóò kọ tirẹ̀ ní sáà tó ń bọ̀ kò gbọ́dọ̀ pàdánù iṣẹ́ rẹ̀ sínú ìdánwò tí kò forúkọ sílẹ̀ fún.